Bóòtù ni kí n fi so páìpù èéfín tọ́bò mi, àbí kíláàǹpù?

Onírẹsì Ìgbẹ́mọ
Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Ìgbẹ́mọ ni mo ti ń bó ìrẹsì, ẹ́ńjìnnì dísù onísílíńdà mẹ́fà tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ kékeré tí èéfín ń yí kí ó lè máa ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì) ni ó sì ń yí ẹ̀rọ náà. Tòkúnbọ̀ ni mo rà á, kò sì tíì yọ mí lẹ́nu níbì kan àfi ibi tí páìpù èéfín ti so mọ́ ẹ̀yìn tọ́bò. Fíláǹjì oníbóòtù mẹ́rin, ìyẹn àwo irin tí a fi ń so ẹnu páìpù, ni ó wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìkórè ti bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ìso ibẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tì méjì ló tú fúnra wọn. Nígbà kejì, sítọ́ọ̀dù kan (bóòtù tí kò ní orí) ṣẹ́ sínú irin tọ́bò, odidi ọjọ́ kan ni a sì fi yọ kùkùté rẹ̀ nígbà tí àwọn oníbàárà jókòó ti àpò ìrẹsì wọn lójúde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gásíkẹ́ẹ̀tì tún jó, ẹ̀gbẹ́ òkè nìkan ni ó sì ti jó.

Jórinjórin kan ní Adó wá wò ó, ó sì ní kí n jẹ́ kí òun gé gbogbo fíláǹjì oníbóòtù dànù, èyí tó wà níwájú tọ́bò lọ́dọ̀ mánífóòdù tó ń kó èéfín sílíńdà jọ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí òun jó òrùka kíláàǹpù V-band sí i, irú èyí tí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ń fún pọ̀. Ó ní mi ò ní tún rí wàhálà bóòtù mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n owó tọ́bò kì í ṣe owó kékeré, ẹ̀rù sì ń bà mí láti gé ohun tí n kò ní lè dá padà. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ẹ̀yin lò, kí ni ojú yín sì rí lórí rẹ̀?

Mẹkáníìkì Ìkẹ́rẹ́
Ọjọ́ Ajé, 7:55 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá onírẹsì. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dísìkì ìgérin kan tọ́bò yẹn. Ọdún 26 ni mo ti ń tún ọkọ̀ ẹrù ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé ojú ìso méjì tí ẹ dárúkọ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Iwájú tọ́bò ni èéfín ti ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni tọ́bò gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé. Bí ibẹ̀ bá jò, agbára tó yẹ kó yí tọ́bò ti bá afẹ́fẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọ ẹ́ńjìnnì á dín kù, ẹ ó sì rí i tí èéfín dúdú á máa yọ, tí ẹ̀rọ kò sì ní lè fa ẹrù mọ́. Ẹ̀yìn tọ́bò yàtọ̀. Bí ó bá jò níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ ariwo, ooru á pọ̀, èéfín á kún ilé, ṣùgbọ́n tọ́bò ṣì ń yí bó ṣe yẹ kó yí.

Ní tèmi, kí bóòtù wà níwájú títí láé. Ní ẹ̀yìn tọ́bò gan-an pàápàá, bóòtù ni mo fẹ́ràn, nítorí pé nígbà tí ọ̀kan bá tú, mẹ́ta yòókù á dì í mú títí ẹ ó fi délé, ṣùgbọ́n kíláàǹpù tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan ṣoṣo bá lọ ti lọ nìyẹn.

Ìbéèrè tèmi ni pé irú sítọ́ọ̀dù àti nọ́ọ̀tì wo ni ẹ ń lò? Bí ó bá jẹ́ bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, irú èyí tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń tà, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára rẹ̀ nígbà tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 300 (Celsius), ẹ̀yìn tọ́bò ẹ̀rọ tó ń fa ẹrù látàárọ̀ sì máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sítọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún mánífóòdù ni ẹ nílò, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì oníbàbà tí ẹnu rẹ̀ fún díẹ̀, tó ń di sítọ́ọ̀dù mú.

Jórinjórin Ajílosùn
Ọjọ́ Ajé, 10:20 àárọ̀

Èmi kọ́ ni jórinjórin tí ọ̀gá onírẹsì ń sọ o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbèjà kíláàǹpù díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ń bú u láìmọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Òrùka irin méjì ni. A jó ọ̀kan mọ́ ẹnu páìpù yìí, a jó èkejì mọ́ ẹnu páìpù tọ̀hún. Ẹ̀yìn òrùka kọ̀ọ̀kan dà gẹ́rẹ́ bí òrùlé, kíláàǹpù fúnra rẹ̀ sì ní kòtò onírìísí V nínú. Bí ẹ bá ti ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó ń há yíká, kòtò yẹn sì ń gun ẹ̀yìn òrùka méjèèjì, ó ń tì wọ́n lu ara wọn. Kì í ṣe ojú mẹ́rin ni ó ti dì í mú bíi ti bóòtù. Gbogbo àyíká ni, láìsí ibi tí kò dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi nílò gásíkẹ́ẹ̀tì rárá, tí ó jẹ́ irin lójú irin. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú u, sípánà kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ẹ tún lè yí ẹnu páìpù síbi tó bá wù yín kí ẹ tó fún un, èyí tí fíláǹjì oníhò mẹ́rin kò lè gbà.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìkánjú. Òrùka oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan tí ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, àti ọ̀kan tí akọ ń wọ inú abo. Ẹ má ra pẹrẹsẹ fún tọ́bò, torí páìpù lè yẹ̀ lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i. Akọ àti abo ni kí ẹ rà, kí òrùka àti kíláàǹpù sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, nítorí pé gẹ́rẹ́ tọ̀hún lè má bá kòtò tibí mu. Bí ẹ bá ń jó o, ẹ dì í papọ̀, kí ẹ fi iná kàn án díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó tú u. Ẹni tó bá jó o yíká lẹ́ẹ̀kan náà, òrùka rẹ̀ á wọ́.

Ní ti fífún un, ẹ fún un díẹ̀, ẹ fi òòlù onígi lu kíláàǹpù yíká kí ó lè jókòó, ẹ tún fún un. Etí kíláàǹpù méjèèjì kò gbọdọ̀ kan ara wọn. Bí wọ́n bá ti kan ara wọn, bó ti wù kí ẹ fún un tó, kò di nǹkan kan mú mọ́.

Awakọ̀ Ẹ̀fọ̀n
Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, pákó ni mo ń fi ọkọ̀ kó. Ọkọ̀ mi ní kíláàǹpù yìí lẹ́yìn tọ́bò láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sì yọ mí lẹ́nu. Nígbà tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ dípẹtà tí kò gba sípánà mọ́, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe gé e, ó sì fi kíláàǹpù pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń di họ́ọ̀sì omi, dípò rẹ̀. Ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo ń gun òkè láti Ìtàwùrẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú ẹrù nígbà tí páìpù náà bọ́. Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà mo gbóòórùn rọ́bà. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná èéfín ti yọ́ aṣọ wáyà mẹ́ta, ó sì ti bó ẹ̀yìn họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ búrẹ́kì títí okùn inú rẹ̀ fi yọ síta. Mo dúpẹ́ pé òkè ni mo ń gùn, pé kì í ṣe pé mo ń sọ̀ ọ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní kíláàǹpù ní ọjà ni kíláàǹpù.

Olùkọ́ Ẹ̀rọ
Ọjọ́ Ajé, 8:30 alẹ́

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, òótọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ tún ibì kan tàbí méjì ṣe.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ gígé fíláǹjì ara tọ́bò. Irin tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì dà sínú àwòṣe ni ilé gbígbóná tọ́bò, kì í ṣe irin tí wọ́n tẹ̀ bíi ti páìpù. Jíjó irin páìpù mọ́ irú irin tọ́bò yìí ṣòro gan-an. Ó lè mú lójú ẹni lónìí, kí ó sì sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a jó lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tó ti ń gbóná tó ń tutù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í jó òrùka mọ́ tọ́bò irú èyí. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi bóòtù de àwo irin kan mọ́ fíláǹjì tọ́bò, òrùka kíláàǹpù á sì wà lára àwo náà. Ọ̀gá onírẹsì, ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bóòtù mẹ́rin tó ń dà yín láàmú ṣì wà níbẹ̀, ẹ kàn ti fi ojú ìso kejì kún un ni. Kíláàǹpù kò tíì mú ohunkóhun kúrò. Bí ẹnu ìwọlé tọ́bò yín bá tún pín sí méjì nínú, bí ó ti máa ń rí lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, òrùka kíláàǹpù tí wọ́n ń tà lásán kò ní ògiri àárín tó máa ya ihò méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ fi iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èkejì, ọ̀gá mi láti Ajílosùn, òótọ́ ni pé kíláàǹpù ń di gbogbo àyíká mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ láìwò. Ní ọdún 2023, àjọ FAA tí ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà pàṣẹ lórí àwọn ọkọ̀ òfurufú onípístìnnì tó ní tọ́bò pé irú kíláàǹpù yìí tó wà láàrin tọ́bò àti páìpù èéfín, tí wọ́n fi abala púpọ̀ ṣe tí wọ́n sì fi ojú iná kéékèèké lẹ̀ pọ̀, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 500 lọ kí wọ́n tó yọ ọ́ dànù. Ojú iná kéékèèké yẹn ni ó ti máa ń sán, tí páìpù á bọ́, tí iná á sì ṣẹ́yọ. Ẹ̀rọ ìrẹsì kì í fò, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn kíláàǹpù wò kí ẹ tó san owó, kí ẹ sì máa wo ojú iná wọ̀nyẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u.

Ohun kẹta ni ó jẹ mí lógún jù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jó ní ẹ̀gbẹ́ òkè nìkan, tí sítọ́ọ̀dù sì ń ṣẹ́, kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bóòtù. Nǹkan kan ń fa páìpù náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa: báwo ni páìpù yìí ṣe gùn tó, ibo ló gbà jáde, kí ló sì gbé e dúró?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìkọ̀lé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ní jẹnẹrétọ̀ ńlá tí mo fi ń gbé ẹja dídì dúró, ojú ìso ẹ̀yìn tọ́bò rẹ̀ sì jò fún ìgbà pípẹ́ tí n kò kà á sí, nítorí pé wọ́n sọ fún mi pé kò lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ọmọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lálẹ́ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ó ń bì, a rò pé ibà ni, a fún un lóògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tó sùn sílé ni ara rẹ̀ yá. Nígbà náà ni a fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, a sì rí ìlà dúdú bí ìwọ̀n ìka kan tó ti ara fíláǹjì gùn dé ara ògiri tí a kùn ní funfun. Èéfín tó ń pa ènìyàn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé jíjò ẹ̀yìn tọ́bò kò ṣe nǹkan kan.

Mẹkáníìkì Ìkẹ́rẹ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Èmi ni mo kọ ọ́ bí ẹni pé kékeré ni, mo sì gba àtúnṣe. Ti ẹ́ńjìnnì ni mo ń wò, n kò wo ti ẹni tó dúró tì í.

Onírẹsì Ìgbẹ́mọ
Ọjọ́rú, 9:15 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo dá ẹ̀rọ dúró lónìí, mo sì wò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n wò ó.

Páìpù náà gùn tó mítà mẹ́ta àtààbọ̀. Irin dúdú tó nípọn ni, ó dìde tààrà láti ẹ̀yìn tọ́bò, ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba àárín páànù òrùlé jáde. Wọ́n ti fi irin pẹlẹbẹ dè é mọ́ igi òrùlé gbọin-gbọin. Láàrin òrùlé àti tọ́bò, kò sí ohun mìíràn tó dì í mú. Nígbà tí mo tú nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, páìpù náà fò kúrò lójú tọ́bò fúnra rẹ̀, ó sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ìbú àtàǹpàkò. Ẹ̀rù bà mí. Ó túmọ̀ sí pé láti ìgbà tí mo ti ń fi sípánà fún nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn, páìpù ni mo ń fi wọ́n fà wálé.

Mo gbé ojú rúlà irin lé fíláǹjì páìpù, mo sì fi géèjì tí a fi ń wọn táápẹ́ẹ̀tì, àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí a fi ń wọn àlàfo, wò ó. Pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 0.5 kọjá lábẹ́ rúlà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti ń jó gan-an. Fíláǹjì ọ̀hún kò nípọn ju mìlímítà 6 lọ. Ojú tọ́bò tẹ́jú, ó dára. Sítọ́ọ̀dù tí mo fi sí i sì jẹ́ 8.8, bí ọ̀gá Ìkẹ́rẹ́ ṣe fura.

Jórinjórin Ajílosùn
Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Bí ẹ bá ti fi kíláàǹpù sí ojú ìso yẹn pẹ̀lú páìpù tó ń yẹ̀ bẹ́ẹ̀, ì bá ti jò ju ti bóòtù lọ, nítorí pé òrùka akọ àti abo kì í gba kí páìpù wá láti ẹ̀gbẹ́. Lórí jíjó òrùka mọ́ ara tọ́bò, Olùkọ́ jàre. Mo ti ṣe é rí fún ẹnì kan, ó sì sán kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ gé fíláǹjì tuntun láti ara irin mìlímítà 12, kí ẹ jó o, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní lẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ tí a fi ń fá irin, kí ó bá yín fá ojú rẹ̀ títí yóò fi tẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jó o tán ni kí wọ́n fá a, kì í ṣe ṣáájú.

Mẹkáníìkì Ìkẹ́rẹ́
Ọjọ́bọ̀, 6:30 àárọ̀

Kí ẹ fi ìdè kejì kún un láti igi òrùlé, nítòsí tọ́bò, kí ó lè gbé ìwúwo náà. Gásíkẹ́ẹ̀tì onírin alábala ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti páálí. Ẹ fi gírísì tí wọ́n po bàbà mọ́ pa ẹsẹ̀ sítọ́ọ̀dù, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, díẹ̀díẹ̀, ní ipele mẹ́ta.

Olùkọ́ Ẹ̀rọ
Ọjọ́bọ̀, 7:45 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, kì í ṣe láti igi òrùlé nítòsí tọ́bò. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lórí rọ́bà ìjókòó rẹ̀, òrùlé kì í gbọ̀n. Bí a bá de páìpù mọ́ ilé ní ibi tó súnmọ́ tọ́bò bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbọ̀n yẹn ni yóò parí sí ẹsẹ̀ sítọ́ọ̀dù.

Ẹ tún wo ooru. Irin dúdú tó gùn ní mítà kan máa ń fi nǹkan bíi mìlímítà 1.2 gùn sí i fún ìwọ̀n 100 kọ̀ọ̀kan tí ooru rẹ̀ bá fi lé. Irin tí kì í dípẹtà máa ń fi tó 1.7 gùn. Páìpù yín tó jẹ́ mítà mẹ́ta àtààbọ̀, bí ooru rẹ̀ bá fi 300 lé sí ti òwúrọ̀, yóò gùn sí i ju mìlímítà 12 lọ. Òrùlé kò jẹ́ kí ó lọ sókè, nítorí náà tọ́bò ni ó ń tì lójoojúmọ́, tó sì ń fà lálaalẹ́ nígbà tó bá tutù.

Bí èmi yóò ṣe tò ó nìyí. Fíláǹjì oníbóòtù lára tọ́bò, pẹ̀lú sítọ́ọ̀dù tó yẹ. Páìpù kúkúrú lẹ́yìn rẹ̀, tí ìdè irin láti ara búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì gbé dúró, kí páìpù àti ẹ́ńjìnnì lè jọ máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni fílẹ́síbù, èyí tó ń rọ̀ bí ìfun. Òkè fílẹ́síbù ni kí ẹ fi kíláàǹpù V-band sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa tú páìpù òrùlé nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lára tọ́bò. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ilé ni kí ó gbé ìwúwo páìpù, ṣùgbọ́n kí ihò páànù tóbi díẹ̀ kí irin lè rìn.

Mẹkáníìkì Ìkẹ́rẹ́
Ọjọ́bọ̀, 8:05 àárọ̀

Mo gbà. Ọkọ̀ ni ó mọ́ mi lára, níbi tí tọ́bò àti páìpù ti jọ wà lórí ṣáásí kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un: lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ó bá ti tutù, ẹ tún fún nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má fún un nígbà tó gbóná.

Onírẹsì Ìgbẹ́mọ
Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì, 8:20 alẹ́

Mo ti ṣe é bí Olùkọ́ ṣe tò ó. Fíláǹjì tuntun nípọn tó mìlímítà 12, wọ́n fá ojú rẹ̀ ní Adó, pẹlẹbẹ géèjì tó tínrín jù lọ́wọ́ mi kò sì rí àyè wọlé lábẹ́ rúlà. Kí n tó fi nọ́ọ̀tì kankan sí i, mo jẹ́ kí páìpù dúró fúnra rẹ̀ níwájú sítọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì wọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé mo fi ọwọ́ tì í.

Lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tì méjì gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, kò sí èyí tó mì. A ti fi ọjọ́ mẹ́jọ bó ìrẹsì báyìí. Mo kùn ara ògiri tó kọjú sí tọ́bò ní funfun nítorí ọ̀rọ̀ Ìyá wa ní Ìkọ̀lé, mo sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó ní alaalẹ́ kí a tó ti ilẹ̀kùn. Funfun ni ó ṣì wà.

Jórinjórin Ajílosùn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:41 alẹ́

Etí kíláàǹpù òkè ńkọ́, ṣé àlàfo ṣì wà láàrin wọn?

Onírẹsì Ìgbẹ́mọ
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:55 alẹ́

Ó wà. Ìka mi kékeré wọ ibẹ̀.